Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyẹmí Tí Wọ́n Ń Retí ní Erínjẹ

Ẹ̀yin òǹkàwé ojú ìwé yìí, mo kí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà mí dópin kí ẹ tó bú mi. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi, mi ò sọ ọ́ fún pásítọ̀ wa. Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí ni pé òkú kan wà ní mọ́ṣúárì ní Òkìtìpupa níbí tí wọn ò lè sin. Èmi ni kò jẹ́ kí wọ́n sin ín, kò sì sẹ́ni tó mọ̀.

Ọmọ Ìkálẹ̀ ni mí. Obìnrin ni mí, mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Láíbìrì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwé gírámà kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má béèrè èwo. Kì í ṣe iṣẹ́ ńlá. Èmi ni mò ń nu eruku, èmi ni mò ń lẹ ìwé tó ya, èmi ni mò ń pariwo "ẹ dákẹ́" láti àárọ̀ títí ilé-ìwé fi máa jáde. Màmá Ẹ-Dákẹ́ ni àwọn ọmọ ń pè mí, wọ́n rò pé mi ò mọ̀.

Nígbà tí òrùlé láíbìrì bẹ̀rẹ̀ sí í jò, ọ̀gá ilé-ìwé wa ní ìwé ti pọ̀ jù níbẹ̀. Òótọ́ ni. Ẹ̀dà mẹ́jọ, mẹ́wàá ìwé kan náà á tò sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, òmíràn ò kúrò nínú páálí tí wọ́n fi kó o wá. Ọ̀gá ní ká ta èyí tí a ò nílò, ká fi tún òrùlé ṣe. Ó ní kí n wá ọ̀nà tí màá gbé e gbà.

Èmi ni mo dá ọgbọ́n gbàǹjo. Mo kọ orúkọ àwọn ìwé náà sílẹ̀, mo fún ìkọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Àwọn tó ní fóònù ńlá, orí Wasáàpù ni. Àwọn àgbà tí kò ní, mo kọ lẹ́tà sí wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ìwé kan á kọ̀wé sí mi pé iye báyìí lòun máa san. Lọ́jọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, màá lẹ orúkọ ẹni tí owó rẹ̀ ga jù mọ́ ojú pátákó, màá sì fi tó àwọn yòókù létí. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ìwé náà bọ́ lọ́wọ́ òun á fi owó lé owó. Bí ìyẹn bá ti parí, ẹni tó borí á sanwó, màá di ìwé rẹ̀, màá gbé e lọ sí pósọ́fíìsì tàbí kí n fi rán dírẹ́bà ní gáréèjì. Ìwé wa dé Jọ́ọ̀sì, ó dé Pọ́tá. Inú ọ̀gá dùn sí mi, inú èmi náà sì dùn sí ara mi.

Ibi tí Sátánì ti ráyè wọlé nìyí. Èmi nìkan ni mò ń rí ohun tí kálukú kọ wá. Nígbà tí mo rí i pé owó ìwé kan ò gòkè, mo dá oníbàárà kan sílẹ̀ látinú orí ara mi. Mo pè é ní Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyẹmí. Mo ní Ìlaró ló ń gbé, torí Ìlaró jìnnà, kò sẹ́ni tó máa lọ wò ó. Bí ẹnì kan bá dá owó lé ìwé, màá ní Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyẹmí ti kọjá rẹ̀. Onítọ̀hún á fi kún un. Bó bá ti fi kún un tó bó ṣe wù mí, Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyẹmí á yọwọ́. Mi ò kó kọ́bọ̀ sápò, Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, òrùlé ni gbogbo rẹ̀ lọ fún. Àmọ́ irọ́ tí èèyàn pa nítorí òrùlé, irọ́ náà ni.

Wàyí o, bàbá kan wà ní Erínjẹ. Tíṣà ni wọ́n, ilé-ìwé wa yìí ni wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Bàbá Tíṣà ni gbogbo èèyàn mọ̀ wọ́n sí, bẹ́ẹ̀ náà ni màá ṣe pè wọ́n. Etí wọn ti di, wọn kì í gba ìpè. Lẹ́tà ni wọ́n máa ń kọ, ọlọ́kadà á gbé e wá. Ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n dá owó lé, ìwé máàpù ògbólógbòó kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń já. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni máa fẹ́ ẹ. Nígbà tí mò ń kọ nọ́ńbà sí i, mo ṣí i, mo rí i pé ọmọ kan ti fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sí etí rẹ̀ káàkiri. Mi ò kà á. Mo kàn pòṣé pé àwọn ọmọ burúkú ti ba ìwé jẹ́.

Owó tí Bàbá dá lé e dára. Ojú ò tì mí, mo ní Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyẹmí ti kọjá wọn. Wọ́n fi kún un. Mo tún ní ó ti kọjá wọn. Wọ́n tún fi kún un. Mo ń sọ fún ara mi pé wọ́n lọ́mọ l'Ékòó, kí ni wọ́n fẹ́ fowó ṣe? Ìgbà kẹta tí mo ṣe é, mi ò rí èsì. Ọjọ́ Ẹtì pé, mo ní láti kéde. Orúkọ tó wà lójú pátákó ni Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyẹmí.

Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ṣebí kí n kàn ránṣẹ́ sí Bàbá pé ọkùnrin yẹn ò sanwó, kí wọ́n wá gbé ìwé wọn? Ohun tí mo fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn. Àmọ́ ọ̀gá wa ti ń rí orúkọ Ṣóyẹmí lójú pátákó ṣáá, ó ní oníbàárà gidi nìyẹn, ó bi mí bóyá ó ti sanwó. Ẹnu mi yá jù mí lọ, mo ní ó ti san. Bí mo ṣe lọ san án látinú owó oṣù mi nìyẹn. Mo ki ìwé náà sísàlẹ̀ páálí kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ní tó bá tó ọ̀sẹ̀ kan sí i, màá wá nǹkan sọ, màá fi ránṣẹ́ sí Bàbá.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó pé, ìyá ọkọ mi kú ní Ìjù-Odò. Mo gba àyè ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nígbà tí mo padà dé, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ti mọ́ tónítóní. Ọ̀gá ti pe àwọn tó ń ra bébà, wọ́n ti kó gbogbo ìwé tí ẹnikẹ́ni ò rà lọ, àti páálí mi pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n ń fi bébà bẹ́ẹ̀ ṣe. Àkàrà àti ẹ̀pà ni wọ́n fi ń wé.

Mo gbéra lọ sí Igbódìgò, lọ́dọ̀ obìnrin tó rà á. Ó ní òun ti pín in fún àwọn tó ń bá òun rà. Ó rí ojú mi, àánú mi ṣe é, ó jẹ́ kí n tú èyí tó kù nílẹ̀. Èèpo ẹ̀yìn ìwé máàpù yẹn ni mo rí. Inú rẹ̀ ti lọ.

Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́ ni mo tó rí lẹ́tà kan lórí tábìlì mi. Ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí mo ti lọ ṣọ̀fọ̀. Ọ̀dọ̀ Bàbá Tíṣà ló ti wá, àmọ́ kì í ṣe èmi ni wọ́n kọ ọ́ sí. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn àpòòwé náà pé kó dé ọwọ́ Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyẹmí ní Ìlaró, kí n jọ̀ọ́, kí n bá àwọn fi ránṣẹ́.

Mo já a. Bàbá ní àwọn ò lówó tí àwọn máa fi kún tàwọn mọ́, àwọn ò sì bínú, torí ẹni tó bá borí ló ni í. Wọ́n kàn fẹ́ kí ó mọ irú ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ọmọ wọn ọkùnrin, Akínlọ́yè, ló kọ̀wé sí etí ìwé náà nígbà tó wà ní kíláàsì kẹrin. Akínlọ́yè bá omi lọ. Igbókọ̀dá ló ti wọ ọkọ̀, ó ń lọ sí etí òkun, ọkọ̀ dojú dé, wọn ò rí òkú rẹ̀ títí dòní. Àwọn àgbà ẹbí kó gbogbo ohun tó ní kúrò nílé, aṣọ, bàtà, ìwé, kí ìyá rẹ̀ má baà máa wò ó sunkún. Ibi kan ṣoṣo tí ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ kù sí láyé ni ìwé máàpù yẹn. Wọ́n ní lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọdún mọ́kànlá ni àwọn fi ń kọjá níwájú ìwé náà ní láíbìrì kí àwọn tó fẹ̀yìn tì, àwọn ò lè fọwọ́ kàn án. Ìgbà tí àwọn wá rí i nínú ìwé gbàǹjo ni àwọn mọ̀ pé àwọn ò lè jẹ́ kó lọ.

Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó yẹ kí n lọ sí Erínjẹ lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí n kúnlẹ̀ fún wọn. Ojo ni mí, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ilé-ìwé, mo tẹ lẹ́tà lórúkọ Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyẹmí. Mo ní mo kẹ́dùn pẹ̀lú wọn. Mo ní ìwé náà wà lọ́dọ̀ mi láìléwu, mò ń fi ṣe iṣẹ́ kan, bí mo bá parí rẹ̀, màá dá a padà fún wọn láìgba nǹkan kan. Mo rò pé ìyẹn máa pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́.

Kò pa á rẹ́. Bàbá dúpẹ́ títí ewé lẹ́tà fi kún. Wọ́n di ọ̀rẹ́, Bàbá Tíṣà ti Erínjẹ àti ọkùnrin tí kò sí. Bí oṣù bá ti ń lọ sópin, ọlọ́kadà á dé, èmi á sì fèsì. Wọ́n bi í ní iye ọmọ tó bí, mo bí mẹ́ta fún un. Nígbà kan wọ́n fi púpùrú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ wa, àti epo pupa ránṣẹ́, kí n bá àwọn fi rán dírẹ́bà lọ sí Ìlaró. Èmi àti àwọn ọmọ mi la jẹ ẹ́. Mo mọ̀ pé ó burú, àmọ́ a jẹ ẹ́.

Ó tó bíi lẹ́tà kẹfà kí Bàbá tó sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn gan-an. Wọ́n ní àwọn ni àwọn rán ọmọ yẹn níṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kó lọ bá àwọn jíṣẹ́ fún ọ̀rẹ́ àwọn kan ní etí òkun. Ìyá rẹ̀ ní kó má lọ, òjò ti ṣú. Àwọn ní ṣebí ọkùnrin ni, kó máa lọ. Láti ọjọ́ yẹn, ìyàwó àwọn ò bá àwọn jókòó jẹun mọ́. Inú ilé kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Ó ń se oúnjẹ, ó ń fọ aṣọ, àmọ́ kò sọ̀rọ̀ kọjá "ẹ káàárọ̀" àti "oúnjẹ ti délẹ̀." Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Bàbá wá bẹ Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyẹmí pé kó jọ̀ọ́, kí ìwé tó padà dé, kó da ohun tí ọmọ náà kọ sí etí rẹ̀ kọ, kó fi ránṣẹ́, bó ti wù kó kéré tó.

Ibí yìí gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Èyí tí mo ti ń sọ bọ̀, kékeré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo fi ọ̀sẹ̀ méjì gbìyànjú kí n rántí. Màá dijú, màá máa ṣí ìwé náà nínú ọkàn mi. Mo ń rí pẹ́ńsù, mi ò rí ọ̀rọ̀ kankan. Ìwé tó wà lọ́wọ́ mi bẹ́ẹ̀, tí mo pòṣé lé lórí. Mo lè sọ pé omi ti bà á jẹ́, ìyẹn ìbá sàn. Àmọ́ mo ti ń fẹ́ràn bàbá yẹn, mo fẹ́ gbé ẹrù náà kúrò lórí wọn. Mo tẹ̀ ẹ́ pé ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí òkun wà nínú máàpù, ọmọ náà kọ ọ́ pé: "Èmi náà máa wọ ọkọ̀ dé ibí yìí lọ́jọ́ kan. Bí Bàbá ò tilẹ̀ rán mi, màá lọ."

Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Kò sẹ́ni tó tì mí. Mo ki ọ̀rọ̀ bọ òkú ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu.

Èsì tó wá lẹ́yìn ìyẹn kúrú. Bàbá ní àwọn ka ọ̀rọ̀ náà sétí ìyàwó àwọn. Lọ́jọ́ kejì ó gbé oúnjẹ wá, ó jókòó, ó bu tiẹ̀ níbẹ̀, ó bá àwọn jẹ ẹ́. "Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyẹmí," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́, "ọmọ mi ti tú mi sílẹ̀."

Mo sunkún. Inú mi sì dùn, ẹ má bínú. Ó lé ní ọdún méjì tí mo fi ń sọ fún ara mi pé irọ́ tó tún ilé onílé ṣe kì í ṣe irọ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ò tilẹ̀ tó ogún ọdún.

Oṣù tó kọjá ni Bàbá Tíṣà sùn tí wọn ò jí. Àwa òṣìṣẹ́ ilé-ìwé lọ kí Ìyá ní Erínjẹ. Nígbà tí àwọn yòókù dìde, Ìyá di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní kí n dúró. Wọ́n kéré lójú, ara wọn ti gbẹ, àmọ́ ọwọ́ yẹn le.

Wọ́n ní ṣé èmi ni mò ń bá Bàbá fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ọkùnrin Ìlaró yẹn? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n ní kí n sọ fún un kó wá síbi ìsìnkú, kó sì mú ìwé náà dání. Abẹ́ orí Bàbá ni àwọn máa gbé e sí nínú pósí. Àwọn ò rí òkú Akínlọ́yè sin, ìwé yẹn ni àwọn máa fi ṣe òkú rẹ̀, kí bàbá rẹ̀ gbé e wọlẹ̀. Bí ìwé ò bá tíì dé, kí òkú dúró ní mọ́ṣúárì. Àwọn ọmọ wọn ti bẹ̀ wọ́n, pásítọ̀ ti bẹ̀ wọ́n, wọn ò gbà.

Mo gbìyànjú. Mo ní bóyá ìwé náà ti gbó, Màmá, bóyá ó tilẹ̀ ti sọ nù. Wọ́n wò mí.

"Ọmọ mi, ọgbọ̀n ọdún ni mo fi bá ọkọ mi bínú," ni wọ́n wí. "Ìwé yẹn ló là mí lójú. Mi ò mọ̀wé, àmọ́ bí mo bá rí èyí tí Akínlọ́yè kọ, màá dá a mọ̀. Ọwọ́ òsì ló fi ń kọ̀wé. Bàbá rẹ̀ nà án títí, kò fi sílẹ̀. Gbogbo ohun tó bá kọ ló máa ń dà sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí n fojú mi rí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Mo ṣèlérí fún wọn. Pẹ̀lú ẹnu yìí kan náà, mo ní ó ń bọ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá irú ìwé máàpù yẹn kiri. Mo rí i lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta ìwé àlòkù n'Íbàdàn. Ó ní ẹlòmíì ti dá owó lé e ṣáájú mi, kí n fi kún un. Mi ò mọ̀ bóyá ẹni yẹn wà lóòótọ́. Mo fi kún un.

Ìwé náà dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ọkọ mi wà lóko, mo gbé e sórí tábìlì, mo fi pẹ́ńsù sí ọwọ́ òsì mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sá fún mi. Mo kọ́kọ́ ń fi bébà lásán dánra wò, mo kọ ọ́, mo tún un kọ, títí ó fi dà sẹ́yìn bí Ìyá ṣe wí. Lẹ́yìn náà mo ṣí ibi tí òkun wà, mo kọ ọ́ síbẹ̀: "Èmi náà máa wọ ọkọ̀ dé ibí yìí lọ́jọ́ kan." Ó jọ ọwọ́ ọmọdé. Mo wò ó, mo sáré pa ìwé náà dé.

Mi ò tíì kọ èyí tó kù. Èyí tó ní bí Bàbá ò tilẹ̀ rán mi, ọwọ́ mi ò gbà á.

Bí mo bá kọ ọ́ tán tí mo gbé e lọ, Ìyá á rí ohun tí wọ́n fẹ́ rí, wọ́n á sin ọkọ wọn, ọwọ́ mi ni wọ́n á gbé sínú ilẹ̀ ní ipò ọmọ wọn. Bí mo bá sọ òótọ́, Bàbá á tún di ẹni tó rán ọmọ lọ sínú omi, wọn ò sì sí láyé mọ́ láti bẹ̀bẹ̀. Ìyá ń lọ sí ọgọ́rin ọdún. Ta ló máa bá wọn jókòó jẹun?

Ẹ má sọ pé kí n gbàdúrà, mo ti gbà á. Ẹ má sọ pé kí n ní Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyẹmí ti kú, mo ti rò ó, Ìyá á ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta mú ìwé wá.

Lánàá, Ìyá rán ọlọ́kadà sí mi. Wọ́n ní nítorí ìlérí mi, wọ́n ti fi ìsìnkú sí ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n ní kí n bi Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyẹmí bóyá ó máa ń jẹ ẹja. Ẹja ò wọ ilé àwọn mọ́ láti ọjọ́ tí omi ti gbé Akínlọ́yè lọ, àmọ́ bí ó bá ń jẹ ẹ́, àwọn á fọwọ́ ara àwọn sè é fún un. Ọlọ́kadà náà dúró, ó ń retí èsì. Mo ní kó máa lọ, kó padà wá lọ́la.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún un?